Ọkà bàbà Òkè-Ògùn ni mo fẹ́ fi pọn bíà, ṣùgbọ́n ó ń dà bí ògì mọ́ mi lọ́wọ́

Ọmọ Ìsẹ́yìn · Sátidé, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsinmi o. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń gbìyànjú láti pọn bíà nílé, lítà 20 lẹ́ẹ̀kan. Mo ti pinnu pé ohunkóhun tó bá gun ọkọ̀ òkun wá kò ní wọ inú rẹ̀. Ọkà bàbà láti oko àbúrò bàbá mi lápá Ìgbòho, omi kànga ilé wa, ewúro ẹ̀yìnkùlé ní ipò hops, òdòdó kíkorò tí àwọn òyìnbó ń fi sí bíà. Ìdílé àgbẹ̀ ni wá. Ọdọọdún ni mo ń rí i tí àwọn alárobọ̀ ń fi owó tí kò tó nǹkan kó ọkà wọn lọ, tí àwa náà á sì tún máa ra bíà tí wọ́n fi báálì, ọkà ilẹ̀ òtútù, pọn. Ó ń dùn mí.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo rẹ ọkà fún ọjọ́ kan, mo tẹ́ ẹ sórí àpò, mo ń wọ́n omi sí i títí ó fi hù, mo sá a gbẹ, mo sì gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo wá tẹ̀lé ọ̀nà tí àwọn òyìnbó kọ sílẹ̀: omi ní 65 dígírì, kí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Mo ra tẹmómítà nítorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é. Omi rẹ̀ ń jáde funfun bí omidùn ògì, kò dùn lẹ́nu, asẹ́ á sì dí pátápátá. Nígbà kejì mo koná mọ́ ọn títí ó fi kọjá 80, ìyẹn ki bí ẹ̀kọ, kò sì dùn rárá. Èyí tí mo fi tipátipá da ìwúkàrà sí hó fún ọjọ́ kan, ó wá kan.

Ọkà kílò 15 ti bọ́ sómi báyìí. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

Pọntí Ìbàdàn · Sátidé, 9:40 alẹ́

Ọjọ́ mélòó lo fi jẹ́ kó hù? Èhù rẹ̀ gùn tó ibo kó tó di pé o sá a?

Ọmọ Ìsẹ́yìn · Sátidé, 9:47 alẹ́

Ọjọ́ méjì ni, ẹ̀gbọ́n. Kò gùn ju ìdajì hóró lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kó má bu.

Pọntí Ìbàdàn · Sátidé, 10:05 alẹ́

Ọjọ́ méjì kéré jù. Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni tèmi, nínú òjìji, kì í ṣe nínú oòrùn. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fi ọwọ́ yí i po kí ooru má mú un láàárín, torí ibi tó bá ti gbóná tó sì ta kókó ni èéhù ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o bá ń rẹ ẹ́, máa da omi rẹ̀ nù ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn fún bíi wákàtí kan, kí o tó da òmíràn sí i. Ọkà tó bá wà nínú omi kan náà láti àárọ̀ di àárọ̀ á rùn, ìdajì rẹ̀ ni yóò sì hù.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ · Àìkú, 6:20 àárọ̀

Ọmọ mi, má jẹ́ kó sú ọ. Ọkà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà báálì lo mú un gbà.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo wà, ní Bẹ̀nẹ̀. Tchakpalo, ọtí ọkà bàbà ìbílẹ̀ wa, ni ìyá mi pọn tà láyé rẹ̀, ìdí ìkòkò ọtí ni mo dàgbà sí. A kì í da ìyẹ̀fun èhù sínú omi gbígbóná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ lè gbà, ni a fi ń pò ó nínú ìkòkò ńlá, a ó sì fi í sílẹ̀ kó tòrò. Ìyẹ̀fun á rọ̀ sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ á mọ́. Igbá la fi ń rọra bu omi orí yẹn sí ìkòkò mìíràn. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé bù ú, torí ọmọdé á ru ìsàlẹ̀ sókè. Omi orí yẹn kò gbọdọ̀ rí iná.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù ni a ń gbé kaná. Yóò sè, yóò jinná, yóò ki bí ẹ̀kọ tó o rí yẹn gan-an. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, a ó wá da omi orí padà sí i, a ó sì fi ọmọrogùn rò ó. Dúró tì í kí o wò ó. Ẹ̀kọ tó ń dí ọmọrogùn lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú rẹ, kí o sì tó gbá àgbàlá tán ó ti ń ṣàn. A ó bò ó di òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì tún sè é fún ìgbà pípẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n dáadáa.

A ò ní tẹmómítà. Ara ìkòkò ni ìyá mi ń fọwọ́ kàn. Bí ọwọ́ bá lè dúró lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ní ó ti tó.

Bàbá Ìlọrin · Àìkú, 11:31 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìpọntí ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé òótọ́ pọ́nńbélé ni ìyá yìí ń sọ.

Ní 1988 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de báálì tí wọ́n ti mú hù láti òkè òkun, ọkà bàbà la sá tọ̀, ohun tó ń dà ọ́ láàmú yìí náà ló sì kọ́kọ́ da àwa náà láàmú. Nínú ọkà tó bá hù ni ẹ́ńsáìmù wà, òun ló ń sọ sítáàṣì, ohun inú ìyẹ̀fun tó ń ki bí ẹ̀kọ, di ṣúgà. Sítáàṣì báálì ń rọ̀ ní nǹkan bí 60 sí 65 dígírì, ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńsáìmù sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò kan fi tó òyìnbó. Sítáàṣì ọkà bàbà ní tirẹ̀ kì í rọ̀ títí yóò fi kọjá 70, òmíràn a tó 75, ìgbà yẹn ooru ti pa ẹ́ńsáìmù. Ní 65 tó o kọ́kọ́ ṣe, ẹ́ńsáìmù wà láàyè, sítáàṣì le bí òkúta. Ní 80, sítáàṣì rọ̀, ẹ́ńsáìmù ti kú. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ra ẹ́ńsáìmù sí i, wọ́n sì fi yanjú rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti fi igbá yanjú rẹ̀ tipẹ́, nítorí inú omi orí tí wọ́n ń bù sọ́tọ̀ yẹn ni ẹ́ńsáìmù ń gbé.

Fún lítà 20, mú ìyẹ̀fun èhù kílò 5, pò ó mọ́ omi lítà 15 ní 45 dígírì. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Bu omi orí, ó yẹ kó tó lítà 6 tàbí 7. Se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40, má dẹ́kun rírò ó kó má jóná nísàlẹ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó bá wálẹ̀ sí 80, da omi orí padà, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 65. Fi aṣọ nípọn wé ìkòkò náà fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ìyá, ẹ forí jì mí, ibi kan ni mo ti yà sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ ń bò di òwúrọ̀ yẹn ló ń mú kan, tchakpalo sì fẹ́ kíkan díẹ̀. Bíà tí ọmọ yìí ń wá kò fẹ́ ẹ. Gẹ́rẹ́ tí ṣúgà bá ti jáde ni kó sẹ́ ẹ kó sì gbé e kaná.

Èkejì: ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ sítáàṣì kúnná di ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ kò pọ̀ lára ọkà bàbà, àmọ́ ó kún inú ànàmọ́ fọ́fọ́. Bẹ ànàmọ́ tútù kílò kan, gé e pẹlẹbẹ, sá a gbẹ, lọ̀ ọ́. Má sè é rárá. Nígbà tí ìkòkò rẹ bá ti wà ní nǹkan bí 62 ni kó o dà á sí i.

Kí o lè mọ̀ pé ó ti parí, ra àyọ́dìn lọ́dọ̀ olóògùn, bu ẹ̀kán omi ọtí kan sórí àwo funfun, kán àyọ́dìn sí i. Bí ó bá dú bí aró, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọ̀ àyọ́dìn kò bá yí padà, ó ti di ṣúgà. Da ẹ̀kán yẹn nù, má dà á padà sínú ìkòkò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn · Àìkú, 11:58 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá ìkòkò jà, mi ò mọ̀ pé omi tí mo ń sè yẹn ni kò yẹ kó rí iná.

Àdùnní Kó-Má-Bàjẹ́ · Àìkú, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni? Ẹ rántí àwọn tó kú ní Òde-Ìrèlè ní 2015. Ọtí ilé ni wọ́n mu.

Nọ́ọ̀sì Èkìtì · Àìkú, 2:02 ọ̀sán

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà wá, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ sí èyí. Ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ló pa wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í da bíà àti tchakpalo sínú agolo kí ó máa gba oru tó ń rú lára rẹ̀ bí ti ògógóró, ọkà tó hó lásán kò sì lè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù tó ń pa ènìyàn.

Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ lórí ọkà bàbà ni èhù rẹ̀. Àwọn darandaran mọ̀ ọ́n: màlúù tó bá já wọ oko ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lè ṣubú lulẹ̀ kú. Oró tó wà nínú èhù àti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ yẹn máa ń di sáyánáìdì. Sísá lóòrùn kò pa á. Nítorí náà, bí ọkà bá ti gbẹ, fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí èhù àti gbòǹgbò yóò fi já kúrò, kí o sì fẹ́ ẹ dáadáa kó tó dé ẹ̀rọ. Má sì ṣe bo ìkòkò nígbà tó bá ń hó, jẹ́ kí oru rẹ̀ jáde. Èhù àti gbòǹgbò tó o bá fẹ́ kúrò, má fi fún ewúrẹ́.

Mo tún bẹ yín, ẹ má lo àgbá irin lásán. Ọtí tó kan máa ń jẹ irin wọ inú ara. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn tó mu ọtí ìbílẹ̀ inú àgbá irin fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin kún inú ẹ̀dọ̀ wọn. Ìkòkò amọ̀ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Pọntí Ìbàdàn · Àìkú, 2:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì. Èmi kì í fọwọ́ ra èhù kúrò, mo kàn ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọn ni. Òní ni mo jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ Kíṣì · Àìkú, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì bi í pé irú ọkà wo ni. Nígbà tó ní Ìgbòho, mo gbà pé pupa ni. Inú ọkà pupa mìíràn ni táníìnì wà, ohun tó máa ń fa ahọ́n pọ̀ bíi ti obì. Ó máa ń mú ẹ́ńsáìmù dè. Irú ọkà bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kì í jẹ lóko. Ó dára fún àgbẹ̀ nítorí ẹyẹ, kò dára fún apọntí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo pupa ló ní in, torí náà má sá fún pupa. Jẹ hóró méjì tútù. Bí ó bá fa ahọ́n rẹ pọ̀, wá òmíràn, tàbí kí o mú funfun.

Ohun kejì ṣe pàtàkì jù. Ọkà tó wà nínú àká láti ọdún tó kọjá, bèèrè ohun tí wọ́n fi pa á mọ́. Bí wọ́n bá ti da òògùn kòkòrò sí i, kò yẹ fún ẹnu, yálà ó hù tàbí kò hù. Èmi máa ń ya àpò mẹ́rin sọ́tọ̀ nígbà ìkórè, ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, láìfi òògùn kankan sí i, fún ẹni tó bá ti sọ fún mi ṣáájú. Bá àbúrò bàbá rẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó pa ọkà. Kí o sì san ju iye tí alárobọ̀ ń san lọ. Bí bíà yìí kò bá mú nǹkan kún owó àgbẹ̀, orúkọ ilẹ̀ wa lásán lo lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ Yorùbá Peckham · Àìkú, 8:10 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń pọn nílé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò, gbogbo ohun tí àwọn àgbà sọ ló dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ewúro yẹn ni mi ò gbà. Iṣẹ́ hops ju kíkorò lọ. Ó ń dá kòkòrò tó ń mú bíà kan dúró, ó sì ń jẹ́ kí ìfóòfó rẹ̀ pẹ́. Hops gíráàmù 50 ti tó fún lítà 20. Ìwọ̀nba yẹn kò lè ba ìpinnu rẹ jẹ́. Lọ́dọ̀ mi níbí òun ni ohun ilẹ̀, Kent tí wọ́n ti ń gbìn ín kò jìnnà sí wa.

Ìyàwó Olóko · Àìkú, 8:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ohun ilẹ̀ yín ni, tiwa kọ́. Hops kò lè ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ wa, ó fẹ́ òtútù àti ọjọ́ gígùn. Bí a bá ń ra á lọ́dọọdún, ọwọ́ òkè òkun náà la ṣì wà.

Ní ti ìfóòfó, ẹ lọ wo ẹni tó ń fọ ewúro. Ìfóòfó rẹ̀ ń kún abọ́ bíi ti ọṣẹ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bíà náà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lò ó. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé ewé tútù tí wọn kò sá ni wọ́n ń jù sí i, bíà á wá máa rùn bí ọbẹ̀. Sá ewé náà nínú òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi máa dún pẹrẹpẹrẹ. Ìkúnwọ́ kan fún lítà 20, di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, jù ú sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 20 kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

Bàbá Ìlọrin · Àìkú, 9:30 alẹ́

Ọmọ Peckham kò parọ́ nípa kòkòrò. Agbára hops lórí ìyẹn lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní àwọn yunifásítì wa ti yẹ ewúro, orógbó àti arọ̀kẹ̀kẹ̀ wò ní ipò hops, wọ́n sì rí i pé wọ́n wúlò. Orógbó ní agbára lórí kòkòrò díẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ọ, màá po méjèèjì pọ̀: ewúro bí ìyàwó olóko ṣe sọ, àti orógbó mẹ́ta tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, tí a sá gbẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ híhó rẹ̀. Orógbó máa ń jẹ́ kí bíà ṣú díẹ̀, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́.

Akọ̀wé Ọ̀fà · Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo rọ tèmi sínú ìgò ní ọjọ́ kẹta nítorí mo rí i pé ìfóòfó orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo fi oyin sí i kí ó lè ní gáàsì, láìwọ̀n. Ní òru ọjọ́ karùn-ún, ìgò mẹ́rin bú gbàù nínú yàrá, àfọ́kù kan wọ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ibi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ síbẹ̀. Nítorí náà: haidirómítà, ohun èlò tó ń wọn ṣúgà inú omi ọtí. Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá yí padà fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ìgbà yẹn ni híhó ti parí. Ṣúgà gíráàmù 6 sí lítà kan ni kí o fi sí i fún gáàsì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò bíà tó nípọn ni kí o lò, má lo ìgò ọtí èso tó fẹ́lẹ́. Kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kí o sì dé e.

Bí o bá fẹ́ tà á fún ará ìta, lọ sí NAFDAC kí o tó ta ìgò kan.

Pọntí Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ooru ilé náà ńkọ́? Bí yàrá bá kọjá 30, ìwúkàrà búrẹ́dì á jẹ́ kí bíà rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Èmi máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọpọ́n omi, màá fi aṣọ tútù wé e, etí aṣọ á wà nínú omi. Bí àmù ṣe ń mú omi tutù ló ń ṣe.

Ọmọ Ìsẹ́yìn · Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Sátidé, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti padà dé.

Mo jẹ́ kí ọkà hù fún ọjọ́ márùn-ún, mo fọwọ́ ra á, mo fẹ́ ẹ. Èhù tó jáde kúrò lára kílò 7 kún agbọ̀n kan, mo sin ín. Mo fi igbá bu omi orí fúnra mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo dà á padà sórí ẹ̀kọ, mo pe ìyàwó mi pé kó wá wò ó. Bí Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni: ọmọrogùn tí mo ń fi agbára tì tẹ́lẹ̀ wá ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán àyọ́dìn àkọ́kọ́ dú bí aró. Mo da ìyẹ̀fun ànàmọ́ sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, ẹ̀kán mìíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó pé wákàtí kan àti ààbọ̀, àwọ̀ àyọ́dìn kò yí padà mọ́. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn bí omi ìrèké.

Asẹ́ ṣì dí lẹ́ẹ̀mejì, mo fi omi gbígbóná ṣí i. Ewúro àti orógbó ni mo lò. Ó hó fún ọjọ́ mẹ́fà, mo dúró fún mẹ́ta mìíràn nítorí ọ̀rọ̀ Akọ̀wé. Àná ni mo ṣí ìgò àkọ́kọ́. Ó ṣú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin ìgàn, ìfóòfó rẹ̀ dúró títí mo fi mu ún dé ìdajì. Kíkorò rẹ̀ pẹ́ lọ́nà ọ̀fun ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, màá dín orógbó kù sí méjì. Ìgò mẹ́ta ni mo gbé lọ sí Ìgbòho. Àbúrò bàbá mi mu tiwọn tán, wọ́n yí ìgò náà wò, wọ́n ní ṣé ọkà àwọn nìyí. Wọ́n ti ya àpò méjì sọ́tọ̀ fún ìkórè, láìsí òògùn. A ti sọ iye rẹ̀, ó ju ti alárobọ̀ lọ.

Pàǹtí ọkà tí mo sẹ́ kúrò, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó ku mí ni igi: ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń dáná fún ìkòkò kan, igi ń lọ púpọ̀. Ta ló ti lo èèpo ẹ̀kùrọ́ rí?

Àgbẹ̀ Kíṣì · Sátidé, 7:15 alẹ́

Mo ti lò ó. Ó ń jó gbóná ju igi lọ, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ààrò tí atẹ́gùn ń wọ̀ nísàlẹ̀. Gbé irin pẹlẹbẹ tó lu ihò sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ á fún ọ ní àpò rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ · Àìkú, 6:02 àárọ̀

Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì nù o. Bu ú sínú ìgò tó o ti fi omi híhó fọ̀, má dé e pinpin, gbé e síbi tó tutù. Òun ni ìwúkàrà tó o máa fi pọn èyí tó ń bọ̀. Pọn ọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá, kó má kú mọ́ ọ lọ́wọ́.